Bùlẹ́ńdà Abigail Ku Sídìí Síǹkì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Tíṣà Akínpẹ̀lú fi jọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ògiri kan ṣoṣo ló sì la ilé wa láàárín, nítòsí Takie. Èmi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, òun ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Nítorí náà, ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Tíṣà Alámì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é, nítorí àmì ohùn. Bí ọmọ kan bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì sórí rẹ̀, Tíṣà á ní ọmọ náà rán ọ̀rọ̀ jáde láìwọ ṣòkòtò. Bí wọ́n bá lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, á yọ bírò pupa lápò, á máa fi àmì sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìbáà jẹ́ ìkéde ìsìnkú. Ó ṣe é fún pátákó onígbàjámọ̀ kan rí, onígbàjámọ̀ náà sì lé e tòun ti abẹ lọ́wọ́. Mo sọ fún un nígbà náà pé àmì ni yóò pa á. Ó ní kí n tún un sọ, ohùn mi kò lọ sókè tó lórí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Irú ẹni tí mo ń sọ nìyẹn.

Ọmọ tí ojú rẹ̀ rí màbo jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni Títílọlá. Ó wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà. Tíṣà ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìsinmi wọn, Títílọlá sì kọ ọ́ pé gbogbo ará ilé lọ sí Ìlọrin, “baba mi nikan lo ku sile.” Ohun tó ní lọ́kàn ni pé bàbá òun nìkan ló kù sílé, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí i. Tíṣà kà á, ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sì kéde fún kíláàsì pé bàbá Títílọlá ti kú. Ó ní kí gbogbo wọn tò wá kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀: “Ẹ kú ara fẹ́ra kù.” Ọmọ méjìdínlógójì ló tò, tí wọ́n ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá náà wá sí ìpàdé òbí, gbogbo kíláàsì sì ń wò ó bí ẹni tó jíǹde.

Mo bá Tíṣà jà lọ́jọ́ náà. Mo ní ìyà yẹn pọ̀ jù fún àmì kékeré kan tó tó ẹsẹ̀ èèrà. Ó bi mí pé nínú ìṣirò tèmi, tí ọmọ kan bá gbàgbé àmì ìyọkúrò, ṣé mo máa ń fún un ní máàkì. Ìbéèrè náà ń bí mi nínú títí dòní.

Àìsàn kejì tí Tíṣà ní ni pé kì í sọ nǹkan nù. Fírísà rẹ̀ kú, ó sọ ọ́ di àpótí ìwé ìdánwò. Fìríìjì kú, ó di ibi tí ó ń kó bàtà sí. Tẹlifíṣàn kú, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn lé e lórí. Fáànù méjì kú tẹ̀ léra wọn, ó tò wọ́n sí pálọ̀ bí ẹni pé wọ́n wá kí i ni. Nígbàkigbà tí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní bí òun bá ti ráyè, òun á pe Mìkáílù kó wá wò wọ́n. Mìkáílù ni ó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní Takie. Ọdún mẹ́sàn-án ni Tíṣà kò fi ráyè.

Ọ̀kan péré nínú àwọn òkú wọ̀nyí ni mi ò jẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bùlẹ́ńdà ni, ti Abigail ìyàwó rẹ̀. Abigail jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti ìyá dé ìyá ńlá, orúkọ Bíbélì rẹ̀ ni Tíṣà sì máa ń pè é, kò pè é ní ìyá ọmọ kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń lọ ata lọ́wọ́ nígbà tí bùlẹ́ńdà náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó da ata náà sínú ìkòkò, ó dé bùlẹ́ńdà láìfọ̀ ọ́, nítorí pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì ń dúró dè é láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun á fọ̀ ọ́ tí òun bá dé. Kò dé mọ́.

Tíṣà kò fọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ata náà gbẹ mọ́ ọn nídìí. Bí ó bá ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn rodo àti àlùbọ́sà á jáde, pẹ̀lú atalẹ̀ tí Abigail máa ń fi sí ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò kò sì mọ ohun tó fi ń dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a ní kíṣìnnì tó gbé e sún mọ́ imú. Mo rọra padà kí ó má baà rí mi. Èmi náà fẹ́ràn Abigail, ó sì dùn mí pé ó lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwaṣeun, ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tíṣà gbà, ó sì ta ilé Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló rà á? Títílọlá ni. Ó ti di ìyálọ́jà oníṣòwò ẹja tútù, ó sì ní ó wu òun láti máa na ẹsẹ̀ sùn nínú ilé ẹni tó mú òun ṣọ̀fọ̀ bàbá òun.

Òfin kan ṣoṣo ni Olúwaṣeun fi lélẹ̀: ohun tó bá ti kú kò gbọ́dọ̀ wọ ilé òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, ó dúró sí ẹnu ọkọ̀ bíi kọ́sítọ̀ọ̀mù, ó ń tú àpò wò. Ó rí bùlẹ́ńdà náà láàárín àwọn agbádá, ó sì ní kí wọ́n dá a padà. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Tíṣà kò sì lè sọ ọ́ fún un. Báwo ni àgbà ọkùnrin ṣe máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ata gbígbẹ lòun ń gbóòórùn? Ó gbé e padà sínú ilé, ó fi í pamọ́ sídìí síǹkì, ó sì pinnu pé òun á padà wá gbé e níjọ́ tí Olúwaṣeun bá wà níbi iṣẹ́.

Ó yẹ kí ó sọ fún Títílọlá. Ó pè é, kò gbé e, ó wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin. Olúwaṣeun ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Alámì, tí kò fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí nítorí pé fóònù náà kò lámì, ṣe wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni fẹ́ jalè, ó sì tẹ̀ ẹ́ báyìí:

“E ku ise o. Awon nkan to ku ninu ile niyi, firisa, firiji, telifisan, faanu meji, bulenda Abigail ku sidii sinki.”

Lójú tirẹ̀, ó yé yékéyéké. Fírísà, fìríìjì, tẹlifíṣàn àti fáànù ti kú, kí ẹni tó ra ilé má fọkàn sí wọn. Bùlẹ́ńdà Abigail ló kù sídìí síǹkì, kí ó bá òun dá a sí. Títílọlá fèsì pé kí Ọlọ́run bá òun san án fún wọn, Tíṣà sì gun ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Títílọlá kà. Ó kà á pé fírísà, fìríìjì, tẹlifíṣàn, fáànù méjì àti bùlẹ́ńdà kù sínú ilé, ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó ka ìyókù rẹ̀ pé Abigail kú sídìí síǹkì. Ohun tó kú, ó kà á sí kù. Ohun tó kù, ó kà á sí kú. Tí ènìyàn bá jókòó tí ó fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà, kò lè ṣì í tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ tó ti kó dé, mo rí i pé ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dáná. Mo rò pé oníṣòwò ẹja ló mọ ibi tó wu òun, mi ò bi í. Mi ò mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù síǹkì ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iná kò sí. Títílọlá kó páálí ẹja sínú fírísà, ó ní tí iná bá ti dé, wọ́n á dì. Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo ilé tàn, fírísà náà kò tilẹ̀ kùn. Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè, òórùn ti gun ògiri kọjá wá bá mi nídìí ẹ̀kọ tí mo ń mu. Ó dín èyí tó ṣeé dín, ó pín in fún àdúgbò, ó sì sin èyí tó kù sí ẹ̀yìn ọgbà. Mo ní èyí tó kù. Mo ti ń ṣọ́ra báyìí.

Ó ránṣẹ́ sí Mìkáílù. Mìkáílù yẹ ẹ̀yìn fírísà wò, ó rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ gan-an ti jẹrà. Ó ṣí ẹ̀yìn fìríìjì, eku mẹ́ta sáré jáde, èyí tó kẹ́yìn kò tilẹ̀ kánjú. Ó wo gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Màdáámù, wọ́n ti kú tipẹ́, a ò kàn tíì sin wọ́n ni.” Inú bí Títílọlá débi pé ó ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò lójú òun, kí ó lọ tú wọn lò. Ó ní bùlẹ́ńdà kan tún wà ní kíṣìnnì, kí ó wọlé lọ mú un fúnra rẹ̀, òun kì í débẹ̀. Mìkáílù dì wọ́n sórí ọmọlanke, ó sì tì wọ́n lọ sí Takie.

Ẹ̀yìn èyí ni Títílọlá wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n ṣe ẹlẹ́rìí. Ó pe Tíṣà, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí n lè gbọ́.

“Bàbá, ẹ ní fírísà kù.”

“Mo ní ó kú.”

“Ó kù lẹ kọ, sà.”

“Kú ni mo kọ, Títílọlá.”

“Àmì ẹ̀ dà, sà?”

Tíṣà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára, ó sì pa á.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pe èmi. Ó ní kí n bá òun bẹ ọmọ náà, kí n sọ fún un pé òun purọ́. Mo bi í bóyá ó purọ́ lóòótọ́. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì irọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọrọ ti àmì. Mo bínú sí i. Mo ní ènìyàn wo ló máa fẹ́ kí wọ́n pe òun, díákónì ìjọ, ní òpùrọ́, nítorí pé kò fẹ́ gbà pé òun gbàgbé ẹsẹ̀ èèrà? Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu mọ́, Mìkáílù ti kó gbogbo òkú náà lọ.

Ó ní, “Àti bùlẹ́ńdà?”

Mo ní, “Àti bùlẹ́ńdà.”

“Bámgbóṣé, ìyẹn kò kú. Ó kù ni.” Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi bí ó ṣe fi í pamọ́ sídìí síǹkì, ọ̀rọ̀ sì wá yé mi. Bí kò bá fẹ́ kí wọ́n tú bùlẹ́ńdà náà, àfi kí ó wá sọ lójú Títílọlá pé ku kan yàtọ̀ sí ku kejì nínú gbólóhùn kan náà, àti pé òun, Tíṣà Alámì, ni kò fi àmì sí i.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tó fi dé láti Ọ̀yọ́. Bàtà tó wọ̀ kò dọ́gba. Ó tọrọ ìwé lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò pupa, ó sì tún ọ̀rọ̀ tó fi fóònù ránṣẹ́ náà kọ lójú Títílọlá, ó fi kú síbi tí kú wà, ó fi kù síbi tí kù wà, ó fà á lé e lọ́wọ́ bí ọmọ tó wá fi iṣẹ́ àmúrelé han olùkọ́. Ó ní, “Èmi ni mo ṣì í kọ.”

Títílọlá kà á. Ó tún un kà. Ó ní, “Ṣé Mọ́mì ò wá kú sídìí síǹkì ni?” Tíṣà kò mọ ohun tó ń sọ, èmi ni mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú Títílọlá tó ń dán. Ó ti ń gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Láti kíláàsì kẹta ló ti ń retí ọjọ́ yìí. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ ná, kí a lọ sí Takie kí Mìkáílù tó tú nǹkan. Mo sọ ohun tó wà nínú bùlẹ́ńdà náà fún un nínú kẹ̀kẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Tíṣà wà níwájú lọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́.

Mìkáílù kò tú u. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó ní nínú gbogbo ẹrù náà, èyí nìkan ló lè jí, wáyà kan péré ló já nídìí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, bùlẹ́ńdà náà sì ké fáá. Ó ní òun tilẹ̀ ti bá wa fọ̀ ọ́, òun fi ọṣẹ àti kànrìnkàn ha ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí ó dọ̀tí jù.

Tíṣà gbà á. Ó ṣí ìdérí, ó gbé e sún mọ́ imú níwájú gbogbo wa, kò fi pamọ́ mọ́. Mo gbóòórùn ọṣẹ láti ibi tí mo dúró sí. Ó dé e padà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Mìkáílù, nítorí Mìkáílù kò ṣẹ̀. Ohun tó kú ti jí, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ti kú. Kò sí ẹni tó lè fi bírò pupa tún ìyẹn ṣe.

Títílọlá wá kúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ dúdú, pẹ̀lú aṣọ rere lára. Ó ní, “Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà.”

Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Tíṣà na ọwọ́ sí i. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Àmì rẹ̀ pé.” Ibi tí omijé ti bọ́ lójú mi nìyẹn, mo sì sọ fún Mìkáílù pé èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló ń ta mí lójú.

Títílọlá ni kò jẹ́ kí a dúró síbẹ̀. Ó sọdá títì, ó ra ata rodo àti àlùbọ́sà, ó padà wá bi Tíṣà bí Mọ́mì ṣe máa ń ṣe é. Tíṣà kò mọ̀, jíjẹ ló mọ̀. Èmi ni mo rántí atalẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni Abigail jẹ́ kí n rí i, ó sì mú mi búra. Mo ní kí ó ra èyí tó tó àtàǹpàkò. Wọ́n lọ̀ ọ́ níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù Mìkáílù. Títílọlá da ata náà sínú ọ̀rá, ó ní òun á fi se ọbẹ̀ ní kíṣìnnì òun lálẹ́, ó sì dé bùlẹ́ńdà náà láìfọ̀ ọ́.

Wọ́n ní àwọn èrò ọkọ̀ tí Tíṣà gbé e wọ̀ ráhùn dé Ọ̀yọ́, pé ta ló gbé ọbẹ̀ wọlé. Olúwaṣeun pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó bi í pé kí ló gbé, ṣé kì í ṣe ohun tí òun ti dá padà nìyẹn. Tíṣà ní kò kú mọ́. Olúwaṣeun ṣí ìdérí láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbóòórùn ata ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e lọ sí kíṣìnnì fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tíṣà kọ lẹ́tà sí mi. Orí ìwé gidi ni, ó ní òun àti fóònù ti parí. Ojú ewé méjì gbáko, gbogbo ọ̀rọ̀ ló wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni mo rí àléébù sí: “Bámgbóṣé, Abigail ku.” Kò sí nǹkan kan lórí ku náà. Inú mi dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo ní ó tún ti gbàgbé àmì.

Ó ní òun kò gbàgbé. Ó ní, “Èwo nínú méjèèjì ni kí n fi sí i?”